Ara Ọmọ Le Ni Kí O Wí

Karmo, Àbújá,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú àìfojúkojú, ẹ sì kú òjò tó ń bá yín jà nílé. Bàbá Fìyìn ní kí n kí yín. Fìyìn náà ní kí n kí yín, ó ní kí n sọ fún Màmá Ìkọ̀lé pé eyín iwájú òun ti ń mì. Ara gbogbo wa le, a dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín pé ìwé ni mò ń kọ láti Àbújá lóde òní. Etí yín ló fà á. Ìgbà tí mo pè yín kẹ́yìn lórí fóònù, mo pariwo, ẹ̀yin náà pariwo. Gbogbo àwọn tí a jọ ń lọ aṣọ níbi iṣẹ́ ní Galadimawa ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, àfi ẹ̀yin. Ẹ sì ní ojú yín kò gba lẹ́tà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ inú fóònù. Ó dáa, ìwé nìyí. Bùsàrí awakọ̀ ló ń mú un bọ̀. Ó ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ lòun máa ń wọ Àbújá, òun á sì padà sí Ìkọ̀lé lọ́jọ́ kejì. Òun náà ni kí ẹ fi èsì rán.

Màmá, wọ́n ti fún Fìyìn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni, ọjọ́ kejìdínlógún. Ẹ rántí ẹran tí wọ́n ní ó hù sẹ́yìn imú rẹ̀, tí bèlúbèlú rẹ̀ náà sì wú tí ọ̀tún àti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ẹ gbọ́ ọ nígbà Kérésì, ẹ ní ọmọ ọdún márùn-ún ń hanrun bí ọkùnrin tó ti oko ọ̀nà jíjìn dé. A jọ rẹ́rìn-ín. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé ìhanrun náà máa ń dá láàárín oorun, ọmọ á dákẹ́ lọ gbáà. Mo máa ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà mìíràn mo máa ń kà á dé ẹ̀wá kó tó fa èémí tí gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n. Oṣù méje la fi dúró de ọjọ́ yìí. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbé ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ gbé ìkejì lọ.

Àmọ́ láti ìjẹta ni ọ̀fìnkìn ti mú un, ó sì ń húkọ́. Kì í ṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo ka ìwé tí wọ́n fún wa lọ́sibítù dáadáa. Ó wà níbẹ̀ pé bí ọmọ bá ní ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà, kí á sọ fún wọn. Bí mo bá sọ, wọ́n á sún un síwájú, bóyá di ọdún tó ń bọ̀. Bí mi ò bá sọ ńkọ́? Bàbá Fìyìn ti wa ọkọ̀ gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Sókótó, wọn ò sì ní dé títí ọjọ́ náà á fi kọjá. Kò sí ẹni tí mo lè bi léèrè.

Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Èmi ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,
Kíkẹ́olúwa.


Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Kíkẹ́olúwa ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ, mo kí Diméjì ọkọ rẹ lọ́nà Sókótó, mo kí Mofìyìnfólúwa ọ̀rẹ́ mi. Ara mi le koko.

Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo fi báírò pupa tún àwọn àmì orí rẹ̀ ṣe kí n tó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Má bínú. Ọgbọ̀n ọdún tí ènìyàn fi ṣe tíṣà kì í kúrò lọ́wọ́ bọ̀rọ̀.

Kíkẹ́, ọ̀fìnkìn lo kọ̀wé lé lórí báyìí? Ọmọ wo ni ọ̀fìnkìn kì í mú lásìkò òjò? Oṣù méje lo ti ń retí ire yìí, ó wá dé ẹnu ọ̀nà, ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ fi ẹnu ara rẹ lé e padà? A kì í fi ẹnu wa pe àìsàn. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí ibà bá gbé ọ dè, tí aládùúgbò sì bi mí pé "Kíkẹ́ ńkọ́?", "Ara rẹ̀ le" ni mo máa ń wí. Kó tó di ọjọ́ kẹta, o ti ń sáré ká àgbàlá.

Bí wọ́n bá bi ọ́, ara ọmọ le ni kí o wí. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kí o má baà gbàgbé. Fi òrí pa á láyà àti ní àtẹ́lẹsẹ̀, fún un lómi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mu, á ti lọ kó tó di Ọjọ́rú. Ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń gbàdúrà.

Màmá rẹ.


Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ọmọ mi,

Ẹ kú ewu! Ẹ kú ewu abẹ o! Ara mi le, inú mi sì dùn.

Aago kan ọ̀sán ni mò ń kọ ìwé yìí. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti ṣe é tán. Mi ò dúró de ìwé rẹ kí n tó máa dúpẹ́. Mo ti bá pásítọ̀ sọ ọ́, ọjọ́ Àìkú yìí la ó jó wọ iwájú pẹpẹ.

Bùsàrí ń gbé ìgò oyin kan bọ̀ fún ọ̀fun Mofìyìnfólúwa. Ojúlówó ni, láti oko Ọláoyè àbúrò mi. Kìlọ̀ fún ọkọ rẹ kó má fi jẹ búrẹ́dì.

Tí o bá ń fèsì, kọ ohun kan fún mi. Ọ̀rọ̀ wo ni ọmọ náà kọ́kọ́ sọ nígbà tó jí? Mo fẹ́ kà á fún àwọn ẹgbẹ́ wa.

Màmá rẹ tó ń yọ̀.


Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, Àbújá,
Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màmá,

Ẹ kú ilé.

Bùsàrí gbé ìwé yín àti oyin wá bá mi lọ́sibítù lánàá. Ẹ bi mí pé ọ̀rọ̀ wo ni Fìyìn kọ́kọ́ sọ. Kò tíì sọ̀rọ̀, Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí a tó wọlé, mo nu imú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún un pé, "Má húkọ́ níwájú dókítà o. Tí o bá húkọ́, wọ́n á lé wa padà sílé." Ó ní, "Yẹ̀s, Mọ́mì." Dókítà tó ń fún wọn ní oògùn oorun wá bá wa. Dókítà Ismaheel ni, ọmọ Ìlọrin, ó ga, ó tín-ín-rín, ó lóṣòó síwájú Fìyìn bíi pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ó gbójú sókè wò mí:

"Màmá Fìyìn, ó húkọ́ láìpẹ́ yìí? Ọ̀fìnkìn ńkọ́?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ara rẹ̀ le."

"Ó dá yín lójú?"

"Ara rẹ̀ le, lórúkọ Jésù."

Fìyìn ya ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó pa ẹnu dé. Dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún gbọ́ ọ, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Wọ́n gé ẹran náà, ìyẹn lọ dáadáa. Ìgbà tó ń jí ni nǹkan bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe yọ rọ́bà tó fi ń mí kúrò, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pa dé bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ gbá. Ó ń fa èémí, kò rí i. Wọ́n ní àyà rẹ̀ ń wọnú, ikùn rẹ̀ ń yọ síta, àmọ́ atẹ́gùn ò kọjá. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ọ̀nà là, ṣùgbọ́n agbára tó fi fà á ti ṣe iṣẹ́ ibi. Dókítà fi ọsàn ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní bí ihò tí a dá lu sórí ọsàn bá dí, tí ènìyàn wá ń fà á tipátipá, gbogbo ògiri inú ọsàn náà á máa là, omi á máa jáde níbi tí kò yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni omi ara Fìyìn ṣe là wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nígbà tí mo máa rí i, ìfóòfó pupa rúsúrúsú ló ń jáde lẹ́nu ọmọ mi.

Ọjọ́ méjì ni ẹ̀rọ fi bá a mí. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n yọ rọ́bà náà, wọ́n fi ìbomú ọ́síjìn dè é lójú. Nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yẹ kó ju àádọ́rùn-ún lọ dáadáa. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ló wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ara rẹ̀ sì ti ń gbóná.

Bàbá Fìyìn ti sáré dé láti Sókótó. Ẹni tó dojú kọ ni Sísítà Kúnbi, nọ́ọ̀sì kékeré tó dúró ti Fìyìn nígbà tó ń jí. "Níbo lojú rẹ wà? Fóònù lò ń tẹ̀! Ọmọ mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọbí!" Omi ṣáà ń dà lójú ọmọbìnrin náà. Bàbá Fìyìn ti ń kọ ìwé ẹ̀sùn tó fẹ́ fi kàn án lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Mo jókòó síbẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan.

Àwọn dókítà ń bi ara wọn pé kí ló dé tí omi náà ò tètè gbẹ. Wọ́n ní bóyá ìhanrun ọdún méjì ti dá ọkàn rẹ̀ lágara, bóyá ọkàn ló ń fa omi. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ́jọ́ Ajé lọ sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń yẹ ọkàn wò. Dókítà Ismaheel sì ní gbígbé e rìn nínú ipò yìí fúnra rẹ̀ léwu. Ó tún bi mí lánàá bóyá ó ní ikọ́ tẹ́lẹ̀. Mo tún ní rárá.

Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n wí bẹ́ẹ̀. Ìwé yín wà nínú báàgì mi, ìlà wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ni kí n wá wí báyìí? Tí mo bá sọ, ọkọ mi á mọ̀ pé èmi ni. Tí mi ò bá sọ, wọ́n á gbé e rìn. Ẹ sọ fún mi. Kí èsì yín bá Bùsàrí wá lọ́jọ́ Ajé, mo bẹ̀ yín.

Kíkẹ́.


Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màmá,

Ẹ kú ilé o.

Bùsàrí dé. Ọwọ́ òfo ló mú wá. Ó ní òun fi ìwé mi lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ kà á lórí ìdúró, ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ó ní nígbà tóun fẹ́ gbéra láàárọ̀ yìí, òun kan ilẹ̀kùn, ẹ dáhùn láti inú ilé pé, "Ara mi le, máa lọ." Ṣé ohun tí ẹ ní láti sọ fún mi nìyẹn?

Kí Bùsàrí tó dé gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé Fìyìn ti dúró níta, àwọn méjì ti gbé àkéte onítáyà wọlé. Ìyá Gwari tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ń fi èdè Haúsá kí mi pẹ̀lẹ́ pé, "Sànnu, sànnu." Bàbá Fìyìn dúró pẹ̀lú ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́. Sísítà Kúnbi ń tú okùn ẹ̀rọ. Bàbá Fìyìn ní, "Fi sílẹ̀! Má fọwọ́ kan ọmọ mi! Èyí tí o ṣe ò tó?"

Dókítà Ismaheel wọlé. Ó ní, "Màmá Fìyìn, ìgbà kẹta rèé tí màá bi yín. Mo ti bi ara mi, mo ti bi Sísítà, ẹ̀yin ló kù. Kí a tó gbé ọmọ yìí lọ sójú títì: ṣé ọ̀fìnkìn mú un?"

Mo ya ẹnu. Mo ní, "Ara rẹ̀..." Kò jáde, Màmá. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ni mo bá ṣí báàgì mi, mo mú ìwé yín, mo nà án sí i.

Ó kà á. Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán ju tèmi lọ. Ó kà á dé ibi tí ẹ fa ìlà sí, ó fi ìka tọ ìlà náà.

"Ta ló kọ èyí?"

"Màmá mi ni, sà."

"Tíṣà ni wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo mọ̀. Gbogbo àmì orí rẹ̀ ló pé." Ó pa ìwé náà pọ̀. "Ọjọ́ mélòó ló ti ń húkọ́ kí ẹ tó wá?"

"Ọjọ́ mẹ́jọ."

Ó wá sọ fún mi jẹ́jẹ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù, pé kò bínú. Ó ní ọ̀nà ọ̀fun tí ọ̀fìnkìn bá wà lára rẹ̀ dà bí ajá tó ń tọ́jú ojú egbò, ohun kékeré ló ń mú un gbaná jẹ. "Ká ní ẹ sọ ni, à bá sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Màmá! Èmi ń rò ó pé ọdún tó ń bọ̀. Mi ò béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni mo torí ẹ̀ tẹ ọmọ lọ́wọ́.

Ó kọjú sí Bàbá Fìyìn, ó ní, "Ọ̀gá, èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Mo gbọ́ nǹkan láyà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ní ìhanrun ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo gbà ju etí mi lọ." Ó ní kí wọ́n dá ọkọ̀ náà padà. Ó ní bí ọ̀rọ̀ ṣe rí yìí, ohun gbogbo bára mu: ikọ́ náà ló jókòó sórí omi tó wà níbẹ̀, òun ló ń mú ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n pààrọ̀ oògùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní àyẹ̀wò ọkàn lè dúró dìgbà tó bá lókun.

Bàbá Fìyìn ká ìwé ẹ̀sùn náà sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò. Ó ní, "Kíkẹ́." Orúkọ mi nìkan ló pè. Ó jáde. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, kò tíì sọ òmíràn.

Mo kúnlẹ̀ fún Sísítà Kúnbi. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ márùn-ún ni mo ti ń rò ó pé bóyá mo ṣẹ́jú ni, tí mi ò fi tètè rí i. Bóyá mo ṣẹ́jú, ohun tí mò ń bi ara mi nìyẹn." Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó lọ nu ojú rẹ̀, ó padà wá tún ìrọ̀rí Fìyìn ṣe.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán ló la ojú. Ó wò mí láti inú ìbomú náà, mo gbé etí sún mọ́ ọn. Ó ní:

"Mọ́mì, ṣé mo lè húkọ́ báyìí?"

Ẹ kà á fún àwọn ẹgbẹ́ yín.

Kíkẹ́.


Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé,
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí gbólóhùn tí mo fi parí ìwé ọjọ́ Ajé. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, Bùsàrí sì ti gbéra kí n tó lè gbà á padà.

Bùsàrí tún dé lánàá lọ́wọ́ òfo. Ẹ bú mi, ẹ bá mi jà, ẹ fi báírò pupa fa gbogbo ìwé mi ya. Ẹ má ṣáà dákẹ́. Fìyìn ti bọ́ lọ́wọ́ ìbomú, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù nímú rẹ̀, nọ́ńbà náà sì ti di mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Wọ́n ní bóyá lọ́jọ́ Ajé wọ́n á tú wa sílẹ̀. Ó ń bi mí pé kí ló dé tí Màmá Ìkọ̀lé ò kọ̀wé sóun.

Ohun kan tún wà. Bùsàrí ní nígbà tóun kan ilẹ̀kùn yín, òun gbọ́ tí ẹ ń húkọ́, tí kò sì tán. Mo bi í pé báwo lẹ ṣe rí, ó ní, "Wọ́n ní ara wọn le." Láti ìgbà wo lẹ ti ń húkọ́, Màmá? Nínú ìwé yín méjèèjì, ara yín le.

Kíkẹ́olúwa.


Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, 2024.

Kíkẹ́olúwa ọmọ mi,

Ara mi kò le.

Mo ya ìwé mẹ́ta kí n tó lè jẹ́ kí gbólóhùn yẹn dúró. Láti oṣù Keje ni mo ti ń húkọ́. Bí mo bá dùbúlẹ̀, èémí mi kì í dé ìsàlẹ̀, orí àga ni mo ń sùn. Ẹsẹ̀ mi wú débi pé bàtà ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà á mọ́. Etí òsì mi ti di. Kì í ṣe ẹ̀bi fóònù.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí bàbá rẹ ń ṣàìsàn, ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́. Lọ́jọ́ tí dókítà dárúkọ àìsàn náà lójú rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kò tún kọjú sí wa mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ló lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé orúkọ yẹn ló pa á, mo sì ti ń sá fún orúkọ. Mo fi kọ́ ọ bí mo ṣe fi a-b-d kọ́ ọ.

Nígbà tí mo ka ìwé rẹ, tí mo dé ibi tí o ti tẹ ọmọ náà lọ́wọ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Ọdún méjì ni bàbá rẹ fi ń tọ ẹ̀jẹ̀, Kíkẹ́. Ọdún méjì tí àwọn ènìyàn ń bi wá, tí àwa méjèèjì ń wí pé ara le. Kì í ṣe orúkọ ló pa á. Ìgbà tí orúkọ fi máa dé, ilẹ̀ ti ṣú. Ohun tí mò ń bá fà á láti ọjọ́ Ẹtì yẹn nìyẹn. Mi ò bínú sí ọ. Ọwọ́ mi ni kò lè kọ nǹkan kan.

Mo lọ bá pásítọ̀, mo ní kó fagi lé ìdúpẹ́. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo dáhùn pé kò sí nǹkan. O rí i? Ẹnu mi kò tíì mọ ọ̀nà.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, mo kọ gbogbo ohun tó ń ṣe mí sínú ìwé kí ẹnu má baà yí i padà, mo gbé e lọ sọ́sibítù. Dókítà náà, ọmọbìnrin kékeré báyìí, ó kà á tán, ó ní, "Màmá, aláìsàn kankan ò kọ̀wé sí mi rí." Wọ́n ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Omi wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tèmi náà. Oògùn tí wọ́n fún mi ń lé mi lọ sí ilé ìtọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

Ẹ̀bi tèmi ju tìrẹ lọ. Ìwọ béèrè. Èmi ni mo dáhùn. Sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ, tàbí kí o fún un ní ìwé yìí kà. Oyin yẹn, gbé e fún Sísítà Kúnbi. Sọ pé ìyá kan ní Ìkọ̀lé ló ní kó gbà á, pé kò ṣẹ́jú.

Báwo ni Mofìyìnfólúwa? Má sọ fún mi pé ara rẹ̀ le. Sọ bó ṣe rí.

Màmá rẹ.


Karmo, Àbújá,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá, 2024.

Màmá mi,

Bó ṣe rí nìyí.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá la dé ilé. Ó ṣì ń húkọ́ láàárọ̀. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń dúró lágbedeméjì kí ó mí. Ó rù, ẹ máa rí i lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó mọ́. Ọjọ́ kẹrìnlá la tún máa padà lọ, wọ́n á yẹ ọkàn rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Ó ní kí n fi pamọ́ dè yín.

Bàbá Fìyìn ti ń bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ "Oúnjẹ dà?" àti "Kọ́kọ́rọ́ dà?" ni. Mo fún un ní ìwé yín. Ó kà á lẹ́yìn ilé, ó pẹ́ kó tó wọlé. Ó ní òun ti gbààyè lọ́wọ́ ọ̀gá, pé òun ń bọ̀ wá gbé yín wá sí Àbújá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ má sọ pé rárá o. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ sí dókítà yẹn dání. Dókítà Ismaheel ní òun mọ ẹni tó ń wo ọkàn àgbà, kí ẹ wá, pé òun fẹ́ rí tíṣà náà.

Sísítà Kúnbi gba oyin. Ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ní, "Wọ́n ní mi ò ṣẹ́jú?" Mo ní, "Ẹ ò ṣẹ́jú." Ó gbé e sínú báàgì rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èmi náà, ara mi ò tíì le. Mo fi irin ìlọṣọ jó kọ́là aṣọ oníbàárà kan lọ́jọ́ Ẹtì nítorí mò ń ronú.

Lọ́sàn-án òní, Fìyìn sùn lọ sórí àga. Kò hanrun. Màmá, ẹ̀rù bà mí. Ọdún méjì ni mo ti fi mọ́ ìró yẹn lára, mi ò mọ bí ọmọ tó ń mí dáadáa ṣe máa ń dún. Mo pa fáànù kí n lè gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo gbé etí mi sí imú rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò ju ìró ẹni tó ń ṣí ojú ìwé lọ. Mo kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Kò dá níbì kankan. Mo kà á dé ogún.

Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo tan fáànù padà.

Kíkẹ́.